Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Orúkọ Hébérù Dé Orísun Rẹ̀: Jákọ́bù àti Àwọn Mọ̀lẹ́bí Rẹ̀

Ẹ wo orúkọ méje yìí: Jákọ́bù, Jémíìsì, Yàkúbù, Jacques, Hamish, Hagop, Diego. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò wọ́n kò ní gbà pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, orúkọ Hébérù kan ṣoṣo ló bí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìkeje nìkan ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Orúkọ tó bá rìn jìnnà a máa pààrọ̀ aṣọ ní ẹnubodè èdè kọ̀ọ̀kan. Aṣọ yẹn ló ń tan ojú jẹ. Kọ́ńsónáǹtì ni egungun orúkọ Hébérù. Òun ni kí ẹ dì mú, kí ẹ sì máa béèrè ẹnubodè tó gbà kọjá.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: Bíbélì kan, ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀ Bíbélì tó ní nọ́ńbà Strong, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ Hébérù àti Gíríìkì kọ̀ọ̀kan nínú Bíbélì (ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì), bébà àti bírò. Ẹ kò nílò kí ẹ gbọ́ Hébérù.

Kọ́ńsónáǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀

Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n fi ń kọ Hébérù àtijọ́. Àwọn àmì fáwẹ̀lì kéékèèké tó wà lábẹ́ àti lókè lẹ́tà, àwọn akọ̀wé Júù tí à ń pè ní Másórétì ló fi wọ́n sí i, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìbí Kristi. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fáwẹ̀lì. Fáwẹ̀lì a máa yí padà; kọ́ńsónáǹtì ló ń pẹ́.

Ẹ ṣí ìwé atọ́ka sí nọ́ńbà 3290 lábẹ́ Hébérù. Ẹ ó bá יעקב níbẹ̀. Láti ọ̀tún ni ẹ ó ti kà á lọ sí òsì: yod, ayin, qof, bet. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìlà kan, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ ó padà wá kọ ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ dà síbẹ̀.

Yod ni «y» wa. Ayin jẹ́ ìró kan tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun jáde. Yorùbá kò ní in. Qof jẹ́ «k» tí a ń pè láti ẹ̀yìn ẹnu lọ́hùn-ún. Bet ni «b», ṣùgbọ́n tó bá tẹ̀lé fáwẹ̀lì, Hébérù a máa pè é bí ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Victor. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ Hébérù lónìí fi ń pe Yaakov, tí àwa sì ń pe Jákọ́bù. Lẹ́tà kan náà ni.

Ní ibi 5 péré nínú Bíbélì Hébérù, wọ́n fi lẹ́tà karùn-ún kún un, ìyẹn vav: יעקוב. Léfítíkù 26:42 jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí orúkọ mìíràn. Vav yẹn kàn ń fi ibi tí fáwẹ̀lì «o» wà hàn ni.

Ẹ yọ yod tó wà níwájú kúrò

Yod iwájú yìí kì í ṣe ara gbòǹgbò. Ó ń ṣiṣẹ́ bí «ó» tàbí «kí ó» tí à ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Tí ẹ bá yọ ọ́, ayin-qof-bet ló kù, gbòǹgbò lẹ́tà mẹ́ta, bí púpọ̀ nínú gbòǹgbò Hébérù ṣe máa ń rí. Kọ́kọ́rọ́ kan náà yìí ló ń ṣí Ísáákì (Yitsḥaq), tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀rín. Ó ń ṣí Jósẹ́fù (Yosef), tó jẹ mọ́ ìfikún. Ó sì ń ṣí Íṣímáẹ́lì (Yishma‘el), tó jẹ mọ́ gbígbọ́, pẹ̀lú El, Ọlọ́run, ní ìparí rẹ̀.

Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣubú ni Jòhánù. «Yo» tó bẹ̀rẹ̀ Yoḥanan kì í ṣe «ó» rárá. Orúkọ Ọlọ́run tí wọ́n gé kúrú ni, torí náà Jèhófà ni olùṣe nínú orúkọ yẹn: Jèhófà ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kí ẹ tó yọ yod èyíkéyìí, ẹ wo ohun tí ìwé atọ́ka sọ nípa bí orúkọ ṣe gùn tó tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí Yehoḥanan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yoḥanan, ẹ ti mọ̀ pé orúkọ Ọlọ́run ló wà níwájú.

Ìtumọ̀: ẹ fi ìlà pín bébà sí méjì

Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ. Jẹ́nẹ́sísì 25:26 ní ọmọ náà jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó di gìgísẹ̀ Ísọ̀ mú. Gìgísẹ̀ ni ‘aqev, nọ́ńbà 6119. Ní Jẹ́nẹ́sísì 27:36, Ísọ̀ fi ìbínú lo ọ̀rọ̀-ìṣe ‘aqav, nọ́ńbà 6117: ó ní lẹ́ẹ̀mejì ni àbúrò òun ti fi ẹ̀tàn gba ohun tó jẹ́ tòun. Hósíà 12:3 tún fi gìgísẹ̀ náà dárà. (Bí Bíbélì Hébérù ni ẹ bá ṣí, ẹsẹ 4 ni ẹ ó ti bá a, nítorí kíkà ẹsẹ orí yẹn fi ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ kò ṣìwé.)

Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí àwọn onímọ̀ èdè sọ nípa bí orúkọ náà ṣe di orúkọ. Èrò tó gbilẹ̀ láàárín wọn ni pé gígékúrú ni: odindi rẹ̀ ni Ya‘aqov-El, «kí Ọlọ́run dáàbò bò ó». Ìtumọ̀ ààbò yẹn kò hàn kedere mọ́ nínú Hébérù, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú Ge‘ez, èdè ìsìn àtijọ́ àwọn ará Etiópíà, níbi tí ‘aqaba ti túmọ̀ sí ṣíṣọ́ nǹkan. Yorùbá kò ní bá irú gígékúrú bẹ́ẹ̀ jà. Olúwaṣeun di Ṣeun: Olúwa kúrò lẹ́nu, kò kúrò nínú ìtumọ̀.

Ẹ̀rí wà lẹ́yìn Bíbélì pẹ̀lú. Nínú orúkọ ìlú tí Fáráò Thutmose Kẹta, tó jọba láti 1479 sí 1425 ṣáájú Kristi, kọ sára ògiri tẹ́ńpìlì ní Karnak, ìlú kan wà ní ilẹ̀ Kénáánì tí orúkọ rẹ̀ kà bí Ya‘qob-El. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọba kan tó ń jẹ́ Yaqub-Har wà nígbà àwọn Hyksos, àwọn àjèjì tó jọba ní Íjíbítì. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ bí yímíyímí. Ẹ má sáré sọ pé ẹ ti rí baba ńlá Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ níbẹ̀ o. Ohun tí àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí fi hàn ni pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní agbègbè yẹn, àti pé orúkọ òrìṣà tàbí ti Ọlọ́run máa ń tẹ̀ lé e.

Àṣìṣe tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn àkójọ orúkọ ọmọ tó kàn kọ «Jákọ́bù: atannijẹ», tí wọ́n sì fi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí inú ń bí ni wọ́n sọ di ìtumọ̀ orúkọ. Ẹ̀sùn tí ẹ̀gbọ́n fi kan àbúrò nígbà ìjà kì í ṣe ìtàn gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń kọ ìtumọ̀ fún òbí tó fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ẹ kọ gìgísẹ̀ ṣáájú, ẹ kọ ààbò tẹ̀ lé e, kí ẹ wá sọ pé Ísọ̀ fi orúkọ náà ta ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn.

Kí ẹ tó kúrò lórí gbòǹgbò, ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ jẹ ayin-qof-bet. Ákúbù wà ní Ẹ́sírà 2:42. Jáákóbà wà ní 1 Kíróníkà 4:36. Akiva, orúkọ rábì ńlá tó gbáyé títí di ìgbà ogun àwọn Júù pẹ̀lú Róòmù ní nǹkan bí ọdún 135, jẹ́ ìrísí Árámáíkì láti gbòǹgbò kan náà.

Oríta Gíríìkì, níbi tí orúkọ kan ti di méjì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí orúkọ náà wọ Gíríìkì, ayin ṣòfò, nítorí Gíríìkì kò ní lẹ́tà fún un. Yod di iota, qof di kappa, bet di beta: Iakōb. Ṣùgbọ́n orúkọ Gíríìkì gbọ́dọ̀ ní ìrù tí yóò máa yí padà láti fi hàn bóyá ẹni náà ló ṣe nǹkan tàbí òun ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà wọ́n so -os mọ́ ọn: Iakōbos. Àwa náà ṣe irú rẹ̀. Sílébù wa kì í parí sí «b», la ṣe fi «u» tì í lẹ́yìn.

Májẹ̀mú Tuntun lo méjèèjì, kò sì dà wọ́n pọ̀. Iakōb tí kò ní ìrù, nọ́ńbà 2384 lábẹ́ Gíríìkì, ni baba ńlá náà ń jẹ́ ní Mátíù 1:2; baba Jósẹ́fù ọkọ Màríà náà ń jẹ́ ẹ ní ẹsẹ 15 àti 16. Iakōbos, nọ́ńbà 2385, ni ti ọmọ Sébédè ní Mátíù 4:21, ti ọmọ Álíféù, àti ti arákùnrin Jésù.

Láti oríta yìí ni èdè Yúróòpù ti gba ọ̀nà méjì. Baba ńlá ń jẹ́ Jacob lédè Gẹ̀ẹ́sì, àpọ́sítélì ń jẹ́ James. Lédè Faransé, Jacob àti Jacques. Lédè Ítálì, Giacobbe àti Giacomo. Lédè Pọtogí, Jacó àti Tiago. Bíbélì Yorùbá kò pín wọn: Jákọ́bù ni baba ńlá, Jákọ́bù ni ọmọ Sébédè, Jákọ́bù ló kọ ìwé tó tẹ̀ lé Hébérù nínú Májẹ̀mú Tuntun. Ẹni tó bá ka «James» nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tó wá rí «Jákọ́bù» nínú tiwa kò rí àṣìṣe atúmọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, tiwa ló sún mọ́ Hébérù jù.

Bí «b» ṣe di «m», bí «k» ṣe di «g»

Látìnì gba Iacobus lọ́wọ́ Gíríìkì. Nígbà tó yá, ẹnu àwọn èèyàn lásán bẹ̀rẹ̀ sí í pe Iacomus. Ẹ pe «b», kí ẹ pe «m»: ètè méjèèjì ló ń pàdé fún wọn, imú nìkan ló dá sí èkejì. Látinú «m» yìí ni James ti wá gba Faransé àtijọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ náà ni Giacomo ti Ítálì, Jaime ti Sípéènì àti Jaume ti Kàtálóníà ti wá. Orúkọ tó bá di «b» mú, bíi Jakob, Jacobo àti Jakub, ti Iacobus gangan lẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Ní ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí, «k» tó bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì rọ̀ di «g». Ìparí ọ̀rọ̀ já kúrò: Iago. Àwọn ará Wélṣì náà ń pe Iago. Wọ́n fi «ẹni mímọ́» ṣáájú rẹ̀, Sant Iago, ó sì lẹ̀ mọ́ra di Santiago. Àwọn Pọtogí wá tún un pín, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ni wọ́n ti gé e: wọ́n fi «t» fún orúkọ, ó di Tiago. Nítorí náà, «t» inú Tiago kì í ṣe lẹ́tà Hébérù kankan. Bí ẹ bá ń wá a lórí bébà tí ẹ kọ lẹ́tà mẹ́rin sí, ẹ ó wá a tì.

Nípa «J»: títí di nǹkan bí ọdún 1500, «i» àti «j» jẹ́ lẹ́tà kan náà ní Látìnì. Lẹ́yìn tí wọ́n pínyà, èdè kọ̀ọ̀kan ń ka «j» bó ṣe wù ú. Ará Jámánì àti ará Pólàǹdì ń pe «y», tó súnmọ́ yod jù. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é bí «j» tiwa. Jaime lẹ́nu ará Sípéènì, bí «h» tó ń ha ọ̀fun ló ń dún.

«B» tàbí «v»: ìdánwò tó ń yá

Bí ẹ bá rí Jakub ti Pólàǹdì tàbí ti Ṣẹ́ẹ̀kì, Látìnì ló gbé e dé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì Róòmù. Bí ẹ bá rí Yakov ti Rọ́ṣíà, Gíríìkì Byzantium, ìyẹn ti ilẹ̀ ọba Róòmù apá ìlà-oòrùn, ló gbé e dé, nítorí beta ti di ìró bíi ti Victor níbẹ̀ nígbà tí àwọn Sláfù gba ìsìn Kristi. Àwọn Gíríìkì òde òní náà ń pe Iákovos. Ẹyọ kọ́ńsónáǹtì kan lè fi ṣọ́ọ̀ṣì tí ìdílé kan ti wá hàn yín. Àmọ́ Yaakov ti àwọn Júù náà ní «v», láìgba ọ̀dọ̀ Gíríìkì kankan. Ẹ wo bóyá ìdílé Júù ni kí ẹ tó pinnu.

Lárúbáwá nìkan, nínú àwọn tí à ń rí lójoojúmọ́, ló pa lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́: Ya‘qūb, pẹ̀lú ayin ní àyè rẹ̀. Òun ni Yàkúbù tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayin já kúrò lẹ́nu wa. Lédè Àméníà, lẹ́tà «y» tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ di «h», orúkọ náà di Hakob. Àwọn ará Àméníà ti ìwọ̀-oòrùn pe «k» rẹ̀ ní «g», wọ́n sì pe «b» rẹ̀ ní «p»: Hagop. Hakobyan àti Hagopian ni orúkọ ìdílé tó ti ibẹ̀ jáde.

Hamish ló yẹ kí ẹ wò dáadáa, nítorí kò jọ Jákọ́bù níbì kankan. James wọ Írẹ́láǹdì ó di Séamus. Ní Skọ́tláǹdì ó di Seumas. Nínú èdè Gaelic, tí a bá ń ké sí ẹnì kan, kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ a máa rọ̀. Seumas di «a Sheumais», «sh» yẹn sì ń dún bí «h» lásán. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké sí ọkùnrin náà, wọ́n rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn, wọ́n kọ Hamish. Ìpè ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n gé kúrú

Ẹ bi ara yín léèrè: iwájú ni wọ́n gé, àbí ẹ̀yìn? Àwọn Dọ́ọ̀ṣì gé ẹ̀yìn, wọ́n ní Jaap. Wọ́n gé iwájú Jacobus, wọ́n ní Kobus tàbí Koos. Hébérù òde òní gé iwájú, ó ní Kobi. Yídíìṣì, èdè àwọn Júù Yúróòpù, ní Yankl àti Koppel. Jacopo ti Ítálì di Lapo. Ib àti Jeppe ti Dẹ́máàkì wà nínú ìdílé yìí pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ní Jim, Jamie àti Jake.

Jack kò sí níbẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ Jòhánù ni Jack lédè Gẹ̀ẹ́sì, láti ara Jankin, bó tilẹ̀ jọ Jacques gan-an. Nítorí náà Jackson kì í ṣe Jacobson. Èyí ń da ọ̀pọ̀ ìwádìí ìdílé rú, torí pé ẹ̀ka méjì tí kò bára wọn tan ni wọ́n máa ń so pọ̀.

Diego náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Santiago tí wọ́n gé ni, Sant-Iago di San Diego. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Látìnì àtijọ́ ní Sípéènì, Didacus ni wọ́n ń kọ fún Diego, kì í ṣe Iacobus. Àwọn kan sì gbà pé orúkọ ọ̀tọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú San Diego ní Kalifóníà, tí Sebastián Vizcaíno sọ lórúkọ ní 1602, ẹni mímọ́ Didacus ti Alcalá ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe àpọ́sítélì. Ẹ fi àmì ìbéèrè síwájú Diego àti Díaz nínú àkọsílẹ̀ yín.

Bí ẹ bá ń wá orúkọ yìí nínú ìwé ìrìbọmi

Àwọn àlùfáà Kátólíkì fi Látìnì kọ ìwé ìrìbọmi fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè ní James, Séamus, Jacques tàbí Jaap nílé, Jacobus ni àlùfáà kọ. Ìrù rẹ̀ sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe nínú gbólóhùn. Ẹ wo irú ìlà yìí:

*Baptizavi Jacobum, filium Jacobi et Mariae.*

Ìtumọ̀ rẹ̀: «Mo ṣe ìrìbọmi fún Jákọ́bù, ọmọ Jákọ́bù àti Màríà.» Jacobum ni ọmọ tí wọ́n rì bọmi. Jacobi ni baba, nítorí «i» yẹn ń sọ pé «ti Jákọ́bù». Ẹni tí kò mọ èyí a kọ ọ́ pé ọmọ ń jẹ́ Jacobum, baba ń jẹ́ Jacobi, bíi pé orúkọ méjì ni. Bí ẹ bá ń wá orúkọ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ «Jacob» nìkan pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbà á, kí gbogbo ìrù lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tẹ «Jac.», nítorí pé akọ̀wé tó ń kánjú a máa gé e. Nínú àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, «Jas.» ni wọ́n ń kọ fún James, ẹni tó bá ń dà á kọ sì lè ṣì í kà sí «Jos.», tó jẹ́ Jósẹ́fù. Ẹ wo àwòrán ojú ìwé fúnra yín, kí ẹ fi «a» inú ọ̀rọ̀ mìíràn tí akọ̀wé kan náà kọ wé e.

Bí àkọsílẹ̀ bá ní Jacobus, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí James tàbí Jacob lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ wá ìwé mìíràn tí ẹni náà fọwọ́ sí lédè ilé rẹ̀, bóyá ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìhágún tàbí ìwé ilẹ̀. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe orúkọ rẹ̀, kí Jacobus wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti rí i.